Ike Tó Ń Pe Ara Ẹ̀ ní Irin

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Ìwó, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mò ń lọ sókè òkun. Èmi náà ni mo sọ fún wọn. Mi ò purọ́ o. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì wọn, owó wọn yàtọ̀ sí tiwa. Òkun nìkan ni ò sí níbẹ̀. Omi tí mo fò kọjá ò dé orúnkún, ewúrẹ́ kan sì ti ṣáájú mi fò ó.

Bí mo ṣe di ará òkè òkun nìyẹn, ní Pobẹ̀, nílẹ̀ Benin.

Bọ̀dá Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló ní kí n wá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ń lò ló ń tà: àdá, bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, àti èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ, jùmẹ́ẹ̀lì. Jùmẹ́ẹ̀lì ni awò olójú méjì yẹn tí èèyàn ń gbé sójú kí ohun tó jìnnà lè sún mọ́ ọn. Nílé, inú fíìmù ogun nìkan ni mo ti rí i rí, mo sì rò pé ṣọ́jà nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Ní Pobẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ lóko àgbàdo ń rà á, àwọn tó ń ṣọ́ igbó ń rà á, àwọn ọlọ́pẹ ń rà á. Ìsọ̀ wa wà ní ọjà Pobẹ̀, a sì máa ń gbé tábìlì kan lọ sí Sakẹ́tẹ́ lọ́jọ́ ọjà ibẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lórí rú ni pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, síbẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo dé, mo dá ọlọ́kadà kan dúró. Zẹ́mì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, fọ̀fọ́ sì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n.

“Ibo lo ń rè, fọ̀fọ́?”

“Máàkẹ́ẹ̀tì,” ni mo wí, pẹ̀lú ọ̀yàyà.

“Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan.”

“Áà, ọjà! Kí ló dé tó ò sọ Yorùbá?”

Èmi ọmọ Ìwó! Èmi tí mo ti gbà lọ́kàn mi pé mò ń bọ̀ wá kọ́ àwọn ará ibí ní ojúlówó Yorùbá! Mo gun zẹ́mì náà, mo pa ẹnu mọ́ títí tá a fi dé ìsọ̀.

Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé bákan náà ni gbogbo wa. Àwọn ń pe fóònù ní pọ́tábù, àwa ń pè é ní fóònù, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì lè fọwọ́ sọ́yà pé òun ló ń sọ ti baba òun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó tiẹ̀ ni. Àmọ́ ìrònú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ rẹ́rìn-ín, ìrònú ò sí níbẹ̀, ojú títì nìkan ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa jùmẹ́ẹ̀lì. Tí páálí tuntun bá dé, màá tú u, màá ya èyí tó dáa sọ́tọ̀, màá ya èyí tí a máa dá padà sọ́tọ̀. Mo rò pé gíláàsì ni Bọ̀dá Múfú máa kọ́ mi. Éfù náìnì ni mo gbà nínú físíìsì, nítorí náà mo ti ń múra àforíjì sílẹ̀. Ó ní gíláàsì kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ nínú irú èyí tí àwa ń tà.

“Ìkarahun ẹ̀ ni kó o wò,” ló wí. “Ìgbín tí ìkarahun ẹ̀ bá sán, ṣé ẹran inú ẹ̀ lo máa bá wí?”

Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irin máa ń tutù. Ike ò ní tutù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa á tó. Ọ̀pọ̀ ike ló sì ń pe ara ẹ̀ ní irin nínú páálí wọ̀nyẹn. Wọ́n á kun ún, wọ́n á jẹ́ kó máa dán, wọ́n á tún ki nǹkan wúwo kan sínú ẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi. Èmi náà, ṣebí òkè òkun ni mo wà. Mo ń gbé ọjà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dijú kí n lè gbọ́ bó ṣe tutù tó, ni obìnrin kan tó ń kọjá bá dúró, tó kọjú sí ọ̀gá mi.

“Patrọ́ọ̀nù, ṣé ọmọ yín yìí ń fẹnu ko ọjà ni?”

“Ẹ má dá a lóhùn,” ni Bọ̀dá Múfú wí. “Kò tíì láfẹ́sọ́nà.”

Lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kan èékánná. Màá fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti pa ìdajì ìkarahun méjèèjì dé. Tí etí ike bá yọ síta níbẹ̀ bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, àpẹẹrẹ pé kò pa dé dáadáa nìyẹn, omi máa ráyè wọlé. Tí ibì kan bá jìn wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ẹ̀ ti lọ, a jẹ́ pé ike ibẹ̀ nípọn jù, tí wọ́n sì yára yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ kó tó tutù. Tí mo bá gbé e sójú oòrùn tí mo rí ihò kéékèèké nínú ẹ̀ bí inú àkàrà, mo máa gbé e tì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni màá wá fi wo òpó iná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Tí mo bá rí òpó kan ṣoṣo, ó dáa. Tí mo bá rí méjì, ìkarahun ti lọ́, ojú méjèèjì ò wo ibì kan náà mọ́, orí ẹni tó bá lò ó máa fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá a ṣe, gbogbo páálí ni mo dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò dáa. Mo sáré lọ bá Bọ̀dá Múfú pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ, òpó méjì ni mò ń rí nínú gbogbo ẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó wò. Ó gbé e kúrò lójú, ó fi ojú lásán wò.

“Òpó méjì ló wà níbẹ̀,” ló wí. “Wọ́n ri ìkejì lánàá.”

Gbogbo ọjà ló gbọ́. Fún bí oṣù kan, tí mo bá ń kọjá, àwọn tó ń ta aṣọ á na ìka méjì sókè, wọ́n á ní, “Fọ̀fọ́, mélòó lo rí?”

Màmá mi máa ń pè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí àwọn aládùúgbò bá ti pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ṣé òtútù ibẹ̀ ò máa pa ẹ́?”

“Màmá, oòrùn Ìwó náà ló wà níbí.”

“Má fi pamọ́ fún mi o. Mo fi súwẹ́tà sínú báàgì ẹ.”

“Mo rí i, Màmá. Ẹ ṣé.” Súwẹ́tà náà ni mo fi ń rọrí.

“Ìyá Wàsíù wà níbí. Sọ Faransé díẹ̀ kó gbọ́.”

Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo Faransé tó wà lẹ́nu mi, ara páálí ni mo ti kọ́ ọ. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní, “Jùmẹ́ẹ̀lì. Plastíìkì. Garáǹtí. Káúṣú.”

“Ẹ gbọ́ ọ?” ni màmá mi kígbe. “Ẹ gbọ́ ọmọ mi?”

Mo gbọ́ tí Ìyá Wàsíù ń ṣe “háà, háà.” Nígbà tí ìpè parí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ìlú máa ń pa rọ́rọ́ lọ́sàn-án Àìkú, gbogbo èèyàn á ti bá ará ilé wọn lọ. Mo gbé jùmẹ́ẹ̀lì kan, mo kọjú ẹ̀ sí ìlà-oòrùn, síhà ọ̀dọ̀ wa. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé màá rí. Bóyá màmá mi níbi tó ti ń gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀pẹ ni mo rí, lẹ́yìn ọ̀pẹ, ọ̀pẹ, lẹ́yìn ìyẹn, ewúrẹ́ kan tó dúró tó ń wò mí bí ẹni pé òun náà ní tiẹ̀ lójú. Omijé fẹ́ bọ́, ẹ̀rín ló sì bọ́. Èèyàn tó ń ṣàárò ilé tó wá ń fi awò wá a, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ṣùgbọ́n nǹkan kéékèèké ti ń dáa. Olùtajà kan láti Cotonou kó jùmẹ́ẹ̀lì wá, ó ní irin ni. Mo gbé ọ̀kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ní, “Mọ̀síọ̀, ike ni.” Ó bínú, ó ha á lábẹ́ kí n lè rí i, ọ̀dà ṣí, ike funfun yọjú. Bọ̀dá Múfú ò yìn mí. Ó kàn ra àkàsà àti ẹja méjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì gbé ẹja tó tóbi sọ́dọ̀ mi. Màmá mi ì bá má gbàgbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Tàntí Filomẹ́nì dé.

Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fún epo ní Ìta-Ìjẹ̀bú, lábẹ́ Sakẹ́tẹ́. Ọ̀pẹ àtijọ́ ni tiwọn, gíga wọn kò lópin, ìtẹ́ agbọ́n sì fẹ́ràn abẹ́ imọ̀ wọn. Ẹni tó bá gùn ún láìmọ̀ máa bá agbọ́n lókè, kò sì síbi tó máa sá gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra jùmẹ́ẹ̀lì: ẹnì kan á dúró nílẹ̀, á wo orí ọ̀pẹ yípo, kí ọlọ́pẹ tó so igbà mọ́dìí. Èmi ni mo ṣa èyí tí wọ́n rà. Ike ni, mo sì sọ fún wọn pé ike ni, ṣùgbọ́n ike tó dáa ni: kò nírùngbọ̀n, kò níhò, òpó kan ni mo rí nínú ẹ̀. Òjò ò tíì rọ̀ dáadáa lórí ẹ̀ tí Tàntí fi dúró níwájú tábìlì wa ní Sakẹ́tẹ́, tó tú u kúrò nínú ìró.

“Ta ló ta eléyìí fún mi?”

Bọ̀dá Múfú fẹnu júwe mi. “Òun ló ṣà á, Tàntí.”

Ìkarahun náà ti sán níbi ìdè tó so ojú méjèèjì pọ̀, ìsán náà sì ti ta gbòǹgbò lọ sí gbogbo ara. Omi ti wọlé. Gíláàsì inú ẹ̀ ti ṣú bí fèrèsé ilé ìdáná.

“Mo wo orí ọ̀pẹ,” ni Tàntí wí. “Èmi fúnra mi! Mo rí kùrukùru, mo ní bóyá ìrì ni. Mo ní kó máa gùn. Àkànjí, súnmọ́ bí, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ.”

Ọkùnrin kan jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ojú ẹ̀ kan là, ìkejì ti wú pa. Ètè òkè ẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀ wọ ọjà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí pé èmi ni mo ṣa jùmẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rín náà padà sínú.

“Igbà ló gbà mí là,” ni Àkànjí wí, ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀. “Tí igbà bá tú ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ wo ojú ẹni tó ṣà á.”

Ó fi ojú kan náà wò mí. Ó tó mi.

Bọ̀dá Múfú bẹ̀ wọ́n títí, ó fún wọn ní òmíràn pé kí wọ́n máa lò ó ná. Nígbà tí wọ́n lọ, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

“Àlejò ni wá nílẹ̀ yìí,” ló wí. “Àlejò lè ta ọjà ọ̀wọ́n, wọ́n á dárí jì í. Kò gbọ́dọ̀ ta ohun tó máa já èèyàn bọ́ látorí ọ̀pẹ. Lọ́la, wàá lọ sí Ìta-Ìjẹ̀bú. Lọ wá ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o ò ṣà á dáadáa ni, má wulẹ̀ padà wá dúró nídìí ọjà. Wá di ẹrù ẹ, kó o máa lọ sílé.”

Ilé! Mo ro bí mo ṣe máa wọ Ìwó. Màá bá Ìyá Wàsíù lẹ́nu ọ̀nà. Á ní, “O ti dé láti òkè òkun? Kí lo rí kó bọ̀?” Súwẹ́tà. Àmọ́ mo máa purọ́ tí mo bá ní ìyẹn nìkan ló ń dùn mí. Pobẹ̀ ti ń wọ̀ mí lára. Mo ti mọ zẹ́mì tí kì í sáré. Mo ti ń sọ “rè” dípò “lọ” láìmọ̀. Èèyàn kì í mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ibì kan, àfìgbà tí wọ́n bá ní kó máa lọ.

Mo tú gbogbo èyí tó kù nínú páálí kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rì í sómi, mo wò ó lójú oòrùn. Ọ̀kan ò sán. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i, torí tí gbogbo wọn bá burú, ǹ bá rí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn oníke náà àti onírin kan, mo gun zẹ́mì lọ sí Ìta-Ìjẹ̀bú. Mo bá Tàntí àti àwọn obìnrin ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹyìn. Wọ́n dá mi lóhùn ìkíni dáadáa, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí n bá wọn ṣa ẹyìn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi pọ́n dé ìgùnpá.

“Ó tó, ó tó,” ni Tàntí wí. “O ń ṣe é bí ẹni tó ń ka ọmọ adìyẹ. Wá fọwọ́.”

Ó gbé ìgò kpayọ. Kpayọ ni bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, kò sí ìyànà tí kò sí. Kì í ṣe inú ọ̀kadà nìkan ló ń lọ. Òun ni wọ́n fi ń fọ epo kúrò lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń nu ṣéènì, òun ni wọ́n fi ń nu ọ̀dà. Èmi náà ti kọ́ ọ. Jùmẹ́ẹ̀lì onírin tá a gbé kọ́ níwájú ìsọ̀, kpayọ ni mo fi ń nù ún láràárọ̀, ó sì ń dán gbinrin. Ó da díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo fọ̀ ọ́. Ló bá gbé jùmẹ́ẹ̀lì tí Bọ̀dá Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn, tí epo ti ta sí lára, ó da kpayọ sórí àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó nù ún dáadáa o, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ki àkísà bọ ibi ìdè.

Mo dìde fìrì. “Tàntí, ẹ dúró! Ṣé ohun tẹ́ ẹ fi ń nù ún nìyẹn?”

“Kí ni kí n fi nù ún? Ọṣẹ ò ká epo ẹyìn.”

“Ojoojúmọ́?”

“Ṣé o fẹ́ kó máa dọ̀tí ni? A tọ́jú ẹ̀ ju bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ wa.”

“Ó dájú,” ni obìnrin kan fèsì lẹ́yìn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní mo rò pé kpayọ ló ń mú un sán, torí onírin nìkan lèmi máa ń fi kpayọ nù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní omi ló ń pa ẹja. Mo gbé oníke tí mo mú wá, tí kò ní ìsán kankan, mo rẹ àkísà nínú kpayọ, mo fi wé ibi ìdè ẹ̀, mo gbé e sí àárín wa. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n tún dúró díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Àkànjí, tí ojú ẹ̀ kejì ti ń là díẹ̀díẹ̀, wolẹ̀, ó tún wò mí.

“Ọmọ Nàìjíríà,” ló wí, “ṣé kí a máa kọrin sí i ni?”

Tàntí ṣàánú mi, ó ní kí a jẹun. Wọ́n rẹ gàrí, wọ́n gbé ẹja yíyan sí i. Gàrí Sakẹ́tẹ́, tó máa ń ró kùm̀kùm̀ lẹ́nu, ó dà bí iyanrìn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn, mo ti ka súwẹ́tà. A jẹun tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí jùmẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń sọ ti ìyàwó ẹnì kan, ni nǹkan ṣe “kẹ́” láàárín wa.

Ẹnikẹ́ni ò mira. Ó tún ṣe “kẹ́.” Tàntí tú àkísà náà. Ìsán tín-ín-rín kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìdè, ó ń rìn lọ níṣojú wa.

“Yéè!” ni Tàntí wí. “Ó ń rìn!”

Mo ṣàlàyé bí Bọ̀dá Múfú ṣe kọ́ mi nípa ike, mo fi ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kún un. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ń kánjú. Ike tí wọ́n yọ nínú ẹ̀rọ kó tó tutù, ara ẹ̀ ò balẹ̀ nínú. Ó dà bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́ sínú àpò tó ń rẹ́rìn-ín síta. Wọ́n tún wá fi ìdè fún un mọ́ra. Lójú, kò sí àléébù, èékánná ò lè rí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Tí kpayọ bá wá kàn án, ó máa ń wọ ike yẹn lára, á sì tú ohun tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Irin ò mọ̀ pé kpayọ kàn án.

“Nítorí náà, àwa la jẹ̀bi,” ni Tàntí wí.

“Rárá, Tàntí. Àwọn tó ṣe é kánjú. Ẹ̀yin náà, ẹ fẹ́ràn ìmọ́tótó. Èmi náà, mo bi òpó iná léèrè ọ̀rọ̀, mi ò bi yín.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú ẹ̀ padà sípò.

“Ọ̀rọ̀ ẹ dùn. Àmọ́ Àkànjí ò ní fi ọ̀rọ̀ gun ọ̀pẹ. Onírin wo lo gbé wá yẹn? Ó dáa. Ìwọ ni kó o wá wo ọ̀pẹ fún un lónìí. Tí agbọ́n bá ta á lẹ́ẹ̀kejì, kó o sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé a ò bá yín ṣe mọ́.”

A gbéra lọ sínú oko. Ọ̀pẹ àkọ́kọ́ ga débi pé fìlà mi bọ́ nígbà tí mo wòkè. Mo gbé onírin náà sójú. Mo rí imọ̀, mo rí ìdì ẹyìn tó pọ́n dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀, lábẹ́ imọ̀ kan, mo rí nǹkan eérú kan tó rí roboto. Kò mira. Ó lè jẹ́ ìdí imọ̀ gbígbẹ. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní kó gùn ún tó sì jẹ́ agbọ́n, ọkùnrin yìí lè já bọ́. Tí mo bá ní kó má gùn ún tó sì jẹ́ imọ̀, ojo ni mí, ọjà wa ò wúlò. Mo yí ọ̀pẹ náà po. Mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, mo ṣubú, mo dìde, mo tún wò.

“Ẹ má gùn ún.”

“Ẹ̀rù ló ń bà ọ́,” ni Àkànjí wí. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó wòkè. “Imọ̀ nìyẹn. Bàbá mi ti ń gun ọ̀pẹ yìí kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Ẹ má gùn ún, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun.”

Ó kẹ́gàn, ó mú kùkù ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀, ó jù ú sókè. Kùkù náà ba imọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, orí ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sá. Mo mọ̀ pé mi ò kẹ́yìn. Mo gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá, mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú sórí ẹnì kan, Àkànjí ni, tó ti sùn sílẹ̀ tó fi ìró Tàntí bo orí. Tàntí fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ igi kan lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dúró. Ọ̀kan péré ló ta mí, létí. Etí náà wú bí ewé kókò.

“Imọ̀ nìyẹn,” ni Tàntí ń wí ṣáá, “bàbá mi ti ń gùn ún!”

Àkànjí gbọn erùpẹ̀ ara ẹ̀. Ó rìn jìnnà síbẹ̀, ó dúró nídìí ọ̀pẹ mìíràn, ó so igbà mọ́dìí, ó sì dúró. Ó ń wò mí. Mo wo ọ̀pẹ náà láti ọ̀tún, mo wò ó láti òsì, mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Ó mọ́.

“Ẹ lè gùn ún,” ni mo wí. Ohùn mi kéré.

Ó gùn ún. Láyé mi, nílé, tí mo bá sọ pé òjò máa rọ̀, wọ́n á sá aṣọ. Ẹnikẹ́ni ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ débi pé kó fi ara ẹ̀ dúró lé e. Ọkùnrin yìí ń gùn lọ sókè, sókè, lórí ohun tí ojú mi wí. Mo gbọ́ àdá lókè, kó, kó, kó. Ìdì ẹyìn já, ó bọ́ sílẹ̀ gbì, ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ mi.

“Gbé e,” ni Tàntí wí.

“Èmi?”

“Nínú oko wa, ẹni tó bá wo ọ̀pẹ ló ń ru ìdì àkọ́kọ́ délé. Ṣé o rò pé ojú lásán la ń fi ṣiṣẹ́ ni?”

Wọ́n gbé e rù mí, ẹ̀gún ń gún mi lórí, epo ń ro sí mi lọ́rùn. Pọ́tábù mi bá ń dún nínú àpò. Ọwọ́ mi méjèèjì ò ráyè. Tàntí yọ ọ́, ó wo ojú ẹ̀, ó gbé e sétí.

“Àló, patrọ́ọ̀nù? Rárá, ó wà níbí. Ó ń ru ẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, a ti rí ìdí ẹ̀, kpayọ ni, òun á ṣàlàyé. Ẹ fi onírin ránṣẹ́ sí wa, kí òun fúnra ẹ̀ gbé e wá.” Ó gbé e sí etí kejì. “Ilé wo? Kò lè lọ sílé o. Ta ló máa wá máa wo ọ̀pẹ wa?”

Ó ti fóònù náà bọ̀ mí lápò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Níwájú wa, Àkànjí ti dé ìdí ọ̀pẹ tó kàn. Ó gbé igbà lé èjìká, ó fi ọwọ́ kan ara igi náà, kò so igbà. Ó yíjú padà.

“Wò ó fún mi ná.”

Mo sọ ẹyìn kalẹ̀, mo nu epo kúrò lọ́wọ́ mi sára ṣòkòtò, mo gbé jùmẹ́ẹ̀lì sójú.